Ìtàn Àwọn Ewéko Wínníwínní Inú Ọ̀sà Wa

Kò sí ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan, ìbáà ṣe ti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ tàbí ti Èkó-Ẹ̀pẹ́, tí a ó dárúkọ Ọjà Olúwo fún tí kò ní rántí ẹja. Ọmọ wa tí ó wà ní Ìbàdàn, ní Kánò, ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó lẹ́yìn odi, kò lè gbàgbé ẹ̀pìyà tí ó ṣì ń jà pìtìpìtì nínú agbọ̀n, àrọ̀ tí a ká kò tí a sì fi èéfín yan, edé àti akàn tí àwọn ìyá wa pàtẹ láti òwúrọ̀. Ọjà yìí ni ó mú kí orúkọ ìlú wa tàn dé etí àwọn tí kò tí ì fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ wa rí.

Àwọn òpìtàn wa ti ṣe iṣẹ́ ribiribi. Wọ́n ti kọ ìtàn Ọba Kòsọ́kọ́ sílẹ̀ fún wa, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti lé e kúrò lórí oyè ní Èkó ní Oṣù Kejìlá 1851, bí ó ti tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, àdéhùn tí ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Ẹ̀pẹ́ ní Oṣù Kẹsàn-án 1854, àti bí ó ti padà sí Èkó ní 1862. Ṣùgbọ́n omi tí ó gbé ọkọ̀ Kòsọ́kọ́ wá ní ìtàn tirẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí a fi rí i pé ó tọ́ kí á ya ojú ewé mélòó kan sọ́tọ̀ ní ọdún yìí fún àwọn ẹ̀dá tí ó kéré jù lọ nínú ọ̀sà wa, àwọn tí gbogbo ẹja Olúwo ń ti ara wọn jẹun, kí á sì sọ bí a ti ṣe ń rí wọn, bí a ti ń sọ wọ́n lórúkọ, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ náà kò fi yẹ kí ó pẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

OHUN TÍ WỌ́N JẸ́

Bí ènìyàn bá bu omi ọ̀sà sínú ife, tí ó sì gbé e sókè sí oòrùn, omi lásán ni yóò rò pé òun ń wò. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹ̀kán kan ṣoṣo nínú omi náà sí abẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní máíkírósíkóòpù, a ó rí i pé ìlú ńlá kan wà níbẹ̀. A ó rí àwọn kan tí wọ́n gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, àwọn kan tí wọ́n rí róbótó bí owó fàdákà, àwọn kan tí wọ́n so mọ́ ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Ewéko ni àwọn onímọ̀ ń kà wọ́n sí, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni wọ́n fi ń se oúnjẹ ara wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò ní gbòǹgbò, wọn kò ní ewé, wọn kò sì ní òdòdó. Algae ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ pè wọ́n. Ohun yíyọ̀ aláwọ̀ ewé tí ó máa ń bo ìdí ọkọ̀ àti ara òpó inú omi, ara wọn ni, nígbà tí wọ́n bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi lè rí wọn.

Ìdílé méjì ni ó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn yìí. Èkínní ni diatom. Ilé gíláàsì ni ẹ̀dá yìí ń gbé. Apá méjì ni ilé náà, ọ̀kan sì dé èkejì bí ọmọrí ti í dé igbá. Iṣẹ́ ọnà tí ó wà lára gíláàsì náà, ìlà àti ihò tí a tò lẹ́sẹẹsẹ, ni a fi ń dá irú kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti í fi ilà ojú mọ ọmọ ìlú. Èkejì ni dinoflagellate. Pàṣán tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni ó fi ń lúwẹ̀ẹ́, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì wọ ìhámọ́ra. Bí a bá to ogún diatom tí ó tóbi díẹ̀ sí ẹsẹ̀ kan, gígùn wọn lè má ju mílímítà kan ṣoṣo lọ.

Àwọn kòkòrò omi tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ ń jẹ àwọn ewéko yìí. Edé àti ọmọ ẹja ń jẹ àwọn kòkòrò náà. Ẹja ńlá ń jẹ ọmọ ẹja. Àwa ènìyàn sì ń jẹ ẹja ńlá. Ẹ̀pìyà tilẹ̀ wà tí kò dúró de ẹnìkan: a máa họ wọ́n jẹ fúnra rẹ̀ lára gbòǹgbò àti lórí ẹrẹ̀. Nítorí náà, bí ìyálọ́jà kan bá ka owó rẹ̀ ní Olúwo ní ìrọ̀lẹ́, oko tí ó ti kórè rẹ̀ ni oko tí ojú kò rí yìí. Kì í ṣe oúnjẹ nìkan sì ni wọ́n ń fún wa. Bí ìlàjì afẹ́fẹ́ rere tí àwọn ewéko ń tú jáde fún gbogbo ẹ̀dá láyé, ọ̀dọ̀ irú àwọn wọ̀nyí nínú òkun àti nínú ọ̀sà ni ó ti ń wá.

OMI MẸ́TA TÍ Ó PÀDÉ

Ọ̀sà mẹ́ta ni ó dìrọ̀ mọ́ ara wọn ní ilẹ̀ wa. Ọ̀sà Lékkí wà ní ìlà-oòrùn, ó fẹ̀ tó kìlómítà 247 níbùú-lóròó, omi dídùn sì ni. Ọ̀sà Èkó wà ní ìwọ̀-oòrùn, ó fẹ̀ tó kìlómítà 208 níbùú-lóròó, omi rẹ̀ sì ń dà pọ̀ mọ́ ti òkun. Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ wa ni ó wà láàárín méjèèjì. Ẹnu èbúté Èkó ni ilẹ̀kùn tí omi òkun ń gbà wọlé. Nígbà òjò, Odò Ògùn, Odò Ọ̀ṣun àti àwọn odò mìíràn a tú omi dídùn wọlé, iyọ̀ a sì pòórá dé ẹ̀bá èbúté. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun a tún ti iyọ̀ padà wá sí apá Ìkòròdú.

Bí omi bá ti yí padà ni àwọn aráàlú inú rẹ̀ ń yí padà. Nígbà òjò, diatom omi dídùn kan tí ń jẹ́ Aulacoseira granulata a pọ̀ lọ súà. Nígbà tí iyọ̀ bá dé, òun a dín kù, àwọn ọmọ òkun, irú bíi Ceratium oníwo, a sì gba ìlú.

Ní etí omi tí iyọ̀ ń dé ni igbó ẹ̀gbà wà, àwọn igi tí gbòǹgbò wọn dúró lórí ẹrẹ̀ bí ẹni tí ó gun àgéré. Igbó náà pọ̀ ní etí omi Ìkòròdú àti ní àwọn ẹ̀ka omi tí ó yí Èkó ká. Bí a bá ti ń bọ̀ wá sí apá Ẹ̀pẹ́, ọ̀gọ̀rọ̀ àti àwọn igi irà omi dídùn ni ó ń gba ipò wọn. Nínú igbó ẹ̀gbà, ibùgbé àwọn ewéko wínníwínní kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn kan ń gbé lójú ẹrẹ̀ tí omi bá fà sílẹ̀, àwọn kan lára gbòǹgbò, àwọn kan lára ewé tí ó jábọ́ tí ó ń rà nínú omi, àwọn kan sì ń léfòó. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi ń kún tí ó sì ń fà. Ẹ̀dá tí ó bá lè gbé irú ibẹ̀, ó ní láti gbọ́n ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí irú àwọn tí a kò rí níbòmíràn fi ń pọ̀ níbẹ̀.

ÀWỌN TÍ Ó KỌ́KỌ́ WÒ WỌ́N

Ní ọdún 1703, ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí kò fi orúkọ rẹ̀ hàn kọ lẹ́tà sí Ẹgbẹ́ Ọ̀mọ̀wé ti Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní òun wo gbòǹgbò ewéko kékeré tí ń léfòó lójú adágún, òun sì rí àwọn ohun onígun mẹ́rin tí wọ́n so mọ́ ara wọn níbẹ̀. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ẹnìkan ya àwòrán diatom. Ní 1753, Linnaeus ará Sweden tẹ ìwé rẹ̀ jáde, nínú èyí tí ó ti fún ewéko kọ̀ọ̀kan ní orúkọ méjì: orúkọ ìdílé ṣáájú, orúkọ ti ara rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọ̀nà yìí ni gbogbo ayé ṣì ń tọ̀ títí di òní.

Ó pẹ́ kí ó tó kan omi tiwa. Ní 1932, F. W. Mills tẹ ìwé kan jáde nípa àwọn diatom tí a kó láti Warri. Ní 1957, Margaret Fox tẹ àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ nípa àwọn ewéko inú òkun Nàìjíríà, èyí tí ojú lè rí. Ní 1958, N. Ingram Hendey kọ nípa àwọn diatom òkun láti àwọn èbúté díẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún kan náà ni J. E. Webb, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, tẹ ìwé tirẹ̀ lórí Ọ̀sà Èkó àti àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí á kíyè sí i pé inú ìwé àwọn ẹgbẹ́ ọ̀mọ̀wé Lọ́ńdọ̀nù ni gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jáde. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú omi bàbá rẹ̀ ní ìgbà náà, òkè òkun ni ìwé rẹ̀ wà.

Ní 1962 ni a dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀, a sì kọ́ ọ sí Akọkà, létí ọ̀sà gan-an, igbó ẹ̀gbà ni aládùúgbò rẹ̀. Níbẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n D. I. Nwankwo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1988 ó tẹ àkọsílẹ̀ àwọn ewéko wínníwínní tí ń léfòó nínú Ọ̀sà Èkó. Ní 1990, ti àwọn diatom ọ̀sà náà àti ti òkun tí ó sún mọ́ ọn. Ní 1991, ti àwọn dinoflagellate tí ó wọ ìhámọ́ra nínú ọ̀sà àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀. Méjì nínú ìwọ̀nyí, ti 1990 àti ti 1991, inú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ewéko ilẹ̀ Nàìjíríà ni ó ti jáde, kì í ṣe ti Lọ́ńdọ̀nù mọ́.

Èrè iṣẹ́ náà kò pẹ́ hàn. Ní Oṣù Kẹsàn-án 1984, ewéko àjèjì tí ń léfòó, tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, gba Badagry wọlé láti ilẹ̀ Benin. Àwọn apẹja wa kò nílò kí ẹnikẹ́ni ròyìn rẹ̀ fún wọn: ó dí ọ̀nà ọkọ̀, ó sì gbá àwọ̀n mọ́lẹ̀. Ní 1992, Nwankwo àti Akinsoji tẹ ìwé jáde nípa àwọn ẹ̀dá wínníwínní tí ó ń gbé lára ewéko àjèjì náà ní etí òkun wa. Nítorí pé àkọsílẹ̀ ti wà tẹ́lẹ̀, wọ́n lè dárúkọ ohun tí wọ́n rí. Ẹni tí kò ka ewúrẹ́ rẹ̀ kò lè mọ iye tí olè kó.

ÌKÓMỌJÁDE WỌN

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti àwọn onímọ̀. Kí á má ṣe ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́: ọ̀nà méjì ni ohun kan fi lè jẹ́ tuntun. Èkínní, ó lè jẹ́ tuntun fún Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kí ó ti ní orúkọ láti ilẹ̀ mìíràn. Àlejò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni. Èyí ni ó pọ̀ jù nínú àwọn àkọsílẹ̀ wa. Èkejì, ó lè jẹ́ tuntun fún gbogbo ayé, kí ẹnikẹ́ni má tí ì rí irú rẹ̀ rí; ọmọ titun ni, a sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lórúkọ.

Iṣẹ́ ìsọmọlórúkọ náà kò rọrùn. A ó fi àwọ̀n tí ihò rẹ̀ kéré gidigidi fa omi. Àwọ̀n tí àwọn ará Akọkà sábà ń lò, ihò rẹ̀ kò ju ìdá márùndínlọ́gọ́ta nínú ìdá ẹgbẹ̀rún mílímítà kan lọ. A ó fi oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú rà sínú ìgò kan, a ó sì fi ìgò kejì sílẹ̀ láàyè. A ó fi ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ẹyọ kan ṣoṣo jáde, a ó sì máa sìn ín títí yóò fi pọ̀. Bí ó bá jẹ́ diatom, a ó fi ásíìdì fọ ara rẹ̀ kúrò kí ilé gíláàsì rẹ̀ lè hàn kedere, a ó sì gbé e sí abẹ́ awò oníná tí agbára rẹ̀ ju ti máíkírósíkóòpù lásán lọ. Lóde òní, a ó tún ka àmì ìdílé tí ó wà nínú ara rẹ̀, èyí tí a ń pè ní DNA, nítorí pé àwọn ẹ̀dá méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì kí wọ́n má sì jẹ́ ọmọ baba kan náà.

Òfin sì wà. Gbogbo àgbáyé ni ó ń tẹ̀ lé ìwé òfin kan lórí orúkọ ewéko. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1958, ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ewéko wínníwínní kan lórúkọ gbọ́dọ̀ kọ àpèjúwe rẹ̀ ní èdè Látìn, kí ó ya àwòrán rẹ̀, kí ó sì sọ àpẹẹrẹ kan pàtó tí orúkọ náà rọ̀ mọ́ títí láé. Láti ọdún 2012 ni a ti gba èdè Gẹ̀ẹ́sì láyè dípò Látìn. Ṣùgbọ́n òfin àwòrán àti ti àpẹẹrẹ dúró digbí. Orúkọ fúnra rẹ̀ lè ti inú èdè èyíkéyìí wá, bí a bá ti lè fún un ní aṣọ Látìn wọ̀. Yorùbá kò yọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ilẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, orílẹ̀-èdè kékeré kan wà tí ń jẹ́ Belize. Gbogbo ènìyàn rẹ̀ kò tó iye tí a kà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìkòròdú ní 2006. Ní ilẹ̀ yìí, àwọn erékùṣù igbó ẹ̀gbà kan wà tí a ń pè ní Twin Cays. Maria Faust, ti ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ Smithsonian ní Amẹ́ríkà, lọ ń bu omi àti pàǹtírí tí ń léfòó láàárín àwọn igi náà. Dinoflagellate tí ó rí níbẹ̀, tí ayé kò mọ̀ rí, kì í ṣe ẹyọ kan. Ní 1993 ó sọ ọ̀kan nínú wọn ní Prorocentrum belizeanum, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá pe orúkọ náà lè mọ ilẹ̀ tí a ti bí i. Kì í ṣe eré ọmọdé. Irú náà máa ń mú májèlé jáde, èyí tí ó lè wọ inú ẹran oníkarahun kí ó sì da inú ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ rú. Dókítà tí kò mọ orúkọ rẹ̀ kò lè mọ ohun tí ó ń bá jà. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ EWU

A ti rí i pé Èkó ti ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ láti 1988. Igbó ẹ̀gbà Ìkòròdú àti omi Ẹ̀pẹ́ kò ní irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, nítorí pé Akọkà ni ilé àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà, ibi tí ó sún mọ́ wọn ni wọ́n sì mọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ni igbó náà kò dúró dè wá. A ń gé e láti fi dá iná ẹja yíyan àti láti fi ṣe òpó. A ń da iyanrìn bò ó láti kọ́ ilé. A sì ń wa iyanrìn láti ìsàlẹ̀ ọ̀sà.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tí ń la gẹdú ti wà ní Oko-Bàbá ní Ẹ̀búté-Mẹ́tta, tí èérún pákó wọn sì ń wọ inú ọ̀sà. Ní 1998, Nwankwo tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí ó ti fi àwọn diatom ṣe ẹlẹ́rìí lórí ohun tí ìdọ̀tí pákó náà ń ṣe sí omi. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì ti pinnu láti kó àwọn oníṣẹ́ náà kúrò níbẹ̀ wá sí Agbówà-Ìkòsí, létí omi tiwa níhìn-ín. A kò lòdì sí i. Iṣẹ́ ni fún àwọn ọmọ wa, a sì kí àwọn àlejò wa káàbọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọdún mẹ́wàá bá kọjá, tí àwọn apẹja bá ké gbàjarè pé ẹja ti dín kù, kí ni a ó fi jẹ́rìí? Ẹlẹ́rìí tí kò ní orúkọ, kò sí adájọ́ tí yóò pè é wọlé. Bí a kò bá kọ ohun tí ó wà nínú omi wa sílẹ̀ nísinsìnyí, ariwo ẹnu lásán ni ẹjọ́ wa yóò jẹ́ ní ọjọ́ náà.

OHUN TÍ A Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Nítorí náà, a mú àbá mẹ́ta wá síwájú àwọn ọba wa, àwọn ìjòyè, àwọn ìyálọ́jà àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wa nílé àti lẹ́yìn odi.

Èkínní: kí àwọn baálẹ̀ àti àwọn onílẹ̀ etí omi láti Ìkòròdú dé ọ̀dọ̀ wa fi ẹyọ igbó kan sílẹ̀ ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan, ìbáà ṣe ti ẹ̀gbà tàbí ti ọ̀gọ̀rọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní gé, bí àwọn baba wa ti ń dá igbó orò sí.

Èkejì: kí ẹgbẹ́ wa yọ nínú owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ọdọọdún láti fi rán ọmọ kan, ọkùnrin tàbí obìnrin, lọ kọ́ ìmọ̀ yìí títí dé òpin rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kò jìnnà. Akọkà wà níbẹ̀. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní ẹ̀ka ní Ẹ̀pẹ́. Láti 2022 sì ni Yunifásítì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti wà ní Ìkòròdú.

Ẹ̀kẹta: kí àwọn ilé-ìwé gíga wa máa bu omi láti ojúkan náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní àárín òjò àti ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n fi oògùn sí i, kí wọ́n sì kọ ọjọ́, ibi àti orúkọ apẹja tí ó tu wọ́n dé ibẹ̀ sára ìgò. Apẹja mọ ibi tí omi ti ń yí àwọ̀ padà kí ọ̀mọ̀wé tó débẹ̀. Ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní òkè òkun, máíkírósíkóòpù kan tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí ilé-ìwé tí ẹ ti jáde yóò ṣe wá láǹfààní ju ọ̀pọ̀ ẹ̀bùn ayẹyẹ lọ.

Bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí wa sí, ìrètí wa ni pé ní ọdún mélòó kan sí i, a ó lè tẹ orúkọ ẹ̀dá kan sínú ìwé yìí, tí ọmọ wa kan rí nínú omi wa, tí ó sì jẹ́ orúkọ ìlú wa. Kí omi wa má ṣe gbẹ, kí Olúwo má ṣe tú. Àṣẹ.